Sájẹ́ǹtì àti Ojú Kọ̀ǹpútà

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí yàrá kọ̀ǹpútà láíbìrì wa, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ṣí i. Mi ò bù mọ́ ọn. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ló kọjú sí láíbìrì náà, títì kékeré kan ló là wá láàárín, nítorí náà bí èèyàn bá sín lọ́hùn-ún, èmi ni màá kọ́kọ́ kí i ní pẹ̀lẹ́.

Wọ́n ti kéde ẹ̀ lórí rédíò pé kọ̀ǹpútà ti dé, pé ọ̀fẹ́ ni, pé ọmọ ilé ìwé o, àgbàlagbà o, ẹni tó ń wáṣẹ́ o, kálukú ló lè wá lò ó. Kí oòrùn tó yọ dáadáa, èrò ti dí títì pa. Ọ̀gá ibẹ̀, bàbá jẹ́jẹ́ kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Láíbìrì, ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kó yí i tán tí wọ́n fi rọ́ lù ú. Ilẹ̀kùn irin yẹn gbá a nímú gbàmù. Ẹ̀jẹ̀ dà sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fi síítáàṣì lọ̀ tó le bíi páálí. Ọmọbìnrin kan tó wọ yúnífọ́ọ̀mù ṣubú, àwọn èèyàn sì ń gba orí ẹ̀yìn ẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn. Géńdé méjì ti fún ara wọn lọ́rùn nítorí àga kan, ahọ́n ọ̀kan ti yọ síta.

Àfi bí obìnrin kan ṣe jáde láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú igi mọ́ọ̀bù. Òun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé kó máa mójú tó yàrá náà. Kò pariwo. Ó na ẹni tó wà níwájú, ó na ẹni tó wà lẹ́yìn, ó na ẹni tó ń gbìyànjú láti ṣàlàyé. Igi yẹn ń dún lára èèyàn bí ìgbà tí wọ́n ń na tìmùtìmù kí eruku ẹ̀ lè kúrò. Nígbà tí ẹnu ọ̀nà dá, ó gbé ọmọbìnrin tó ṣubú dìde, ó mú un jókòó sórí àga tí wọ́n torí ẹ̀ ń pa ara wọn, ó wá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ẹ tò," ló wí. "Ẹni tí ò bá lè tò, kò lè tẹ̀."

Àwa tá a wà ní òdìkejì títì rẹ́rìn-ín títí. Awakọ̀ kan tó fi iwájú orí gba igi ń fọwọ́ ra ojú ibẹ̀, ó ní, "Èyí kì í ṣe obìnrin, sájẹ́ǹtì ni." Orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní nìyẹn. Kò ṣe sójà rí o, kò tiẹ̀ mọ ẹnu ìbọn yàtọ̀ sí ìdí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n júwe ẹ̀ fún yín. Ó ga, ó tín-ín-rín, ọrùn ọwọ́ ẹ̀ ò ju igi mọ́ọ̀bù yẹn lọ, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ tó wà níwájú ẹ̀ fẹ̀ bíi ṣọ́bìrì. Lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé kan máa ń wà nínú irun ẹ̀, míǹtì kan máa ń wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀, bàtà kánfáàsì dúdú kan náà ló sì ń wọ̀ lójoojúmọ́. Ó wá rán bùláòsì lọ́dọ̀ mi nígbà kan, mo ní kó bọ́ aṣọ kí n lè wọ̀n ọ́n. Bí mo ṣe fi téèpù kan ẹ̀yìn ẹ̀, ọwọ́ mi dúró. Ẹ̀yìn yẹn ń ga, ó ń wálẹ̀, ó ń ga, ó ń wálẹ̀, bíi páànù òrùlé. Àpá lórí àpá.

"Bélíìtì ni," ló wí, bí ẹni tó ń sọ bí apá ẹ̀ ṣe gùn tó fún mi. "Bíríkìlà ni bàbá wa. Ohunkóhun tí ọ̀gá ẹ̀ bá fojú ẹ̀ rí níbi iṣẹ́, ó máa ń gbé e wálé wá fún wa."

Ìyá wọn ti sá kúrò nílé tipẹ́. Àbúrò ọkùnrin kan ṣoṣo ló ní. Tí bàbá bá wọlé tó ń wá ẹni tó máa nà, ó máa ti àbúrò yìí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun alára á wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì náà, á kọ ẹ̀yìn síta. Òun ló ń wẹ ọmọ náà, òun ló ń bọ́ ọ, òun náà ló sì ń fi igbátí kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́, torí irú ẹ̀kọ́ míì wo ni wọ́n fi kọ́ òun náà?

Èyí tó le jù nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀ ni ti ọ̀wọ̀. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín nígbà tí aládùúgbò kan bi í pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ńkọ́, tó sì dáhùn pé, "Ó ti lọ sọ́jà." Ẹ̀gbọ́n wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìgbájú tó tẹ̀lé e, eyín iwájú kan bá a lọ.

"Ta ni ó?" lẹ̀gbọ́n ń bi í. "Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí? Wọ́n ni wàá máa pè mí. Wọ́n ti lọ sọ́jà."

Nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, ó ní eyín náà kúkú ti ń mì tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn lọ, inú ì báà bí àbúrò yìí tó kí itọ́ máa ta lẹ́nu ẹ̀, kò pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní "ó" tàbí "ìwọ" mọ́, lójú ẹ̀ tàbí lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọ́fíìsì kan tí Sájẹ́ǹtì ti ń bá wọn tẹ̀wé tẹ́lẹ̀ ló ti mọ kọ̀ǹpútà, òun ló sì fi kọ́ àbúrò ẹ̀. Àbúrò wá ṣí kafé sí ìparí títì wa, la bá ń pè é ní Oníkafé. Kó tó di pé láíbìrì ní kọ̀ǹpútà, ọ̀dọ̀ ẹ̀ nìkan ni gbogbo àdúgbò ti ń rí i lò. Ẹni tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, kafé ni. Ẹni tó fẹ́ wo èsì, kafé ni. Tí àkókò ẹ bá sì tán, kódà tí ojú ìwé ṣì ń ṣí lọ́wọ́, ó máa pa á mọ́ ẹ lójú ni. Mo rí ọmọ kan tó fi orí lu ògiri ibẹ̀ títí wọ́n fi dì í mú, torí pé èsì ìdánwò ẹ̀ ti ń jáde bọ̀ nígbà tí Oníkafé pa á.

Ní láíbìrì, wọn kì í pa á mọ́ ẹnikẹ́ni lójú. Sájẹ́ǹtì sì ní ọ̀nà tó ń gbà kọ́ èèyàn. Kò fi orúkọ òyìnbó dà wá láàmú. Ó mú ara èèyàn, ó fi sọ kọ̀ǹpútà lórúkọ; ọ̀kan tó wà létí ilẹ̀kùn, tó ń jí gbogbo àwọn yòókù, ìyá wọn ló ń pè é.

"Ojú ẹ̀ rèé," ló máa ń wí. "Ohun tó bá fẹ́ fi hàn yín, ojú ẹ̀ lẹ ti máa rí i. Eyín ẹ̀ rèé, ẹ máa rọra tẹ̀ ẹ́, ẹ má gbá a léyín dànù. Ọwọ́ ẹ̀ rèé, ẹ dì í mú kí ẹ máa fà á. Èyí tó wà nílẹ̀ yìí, inú ẹ̀ ni, ibẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n wà. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ta á nínú, èmi náà á ta á nínú."

Ó sì ń ta wọ́n nínú lóòótọ́. Ẹ bi kápẹ́ńtà tó ń gbé lẹ́yìn wa.

Bàbá kan wà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, a ń pè é ní Bàbá Ọlọ́pàá. Ẹ̀rù kọ̀ǹpútà ń bà á ju olè lọ. Lọ́jọ́ kan ó nawọ́ sí Sájẹ́ǹtì pé, "Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní kí n tẹ nǹkan."

"Ta ló ní kí ẹ tẹ nǹkan?"

"Kọ̀ǹpútà ni, mà."

Sájẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín débi pé míǹtì há a lọ́fun. "Bàbá, ẹ má bọ̀wọ̀ fún un. Ó ni. Ó ní kí ẹ tẹ nǹkan. Kọ̀ǹpútà ò tíì dàgbà tó ẹni tá à ń pè ní wọ́n."

Ilé ìwé girama kan wà lẹ́yìn ọgbà láíbìrì. Àwọn náà ní kọ̀ǹpútà, wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ ni, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé ìwé da aṣọ bò wọ́n bí òkú, ó sì fi àgádágodo tì wọ́n mọ́lé. Tí àwọn ọmọ bá fẹ́ kọ́ kọ̀ǹpútà, tíṣà á yà á sójú pátákó, wọ́n á dà á kọ. Ọ̀kan nínú wọn wọ láíbìrì, ó gbé ọwọ́ kọ̀ǹpútà sókè, ó ń fi ha ojú ẹ̀ bíi ṣọ́ọ̀kì. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Sájẹ́ǹtì ò rẹ́rìn-ín. Ó fi lẹ́ẹ̀dì sínú irun, ó gba ẹ̀yìn lọ, ó di ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé.

Ọ̀gá ní kọ́kọ́rọ́ ti sọ nù.

"Kọ́kọ́rọ́ nìkan ló sọ nù, sà," ni Sájẹ́ǹtì bi í, "àbí ìtìjú náà bá a lọ?"

Ó gbé òkúta tí wọ́n fi ń dá ilẹ̀kùn dúró, ó gbé e dé ẹnu yàrá kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbá àgádágodo náà. Ó gbá a títí awọ ìka ẹ̀ fi bó. Ọdẹ ẹnu géètì sáré dé, ó la kóńdó mọ́ ọn léjìká, a gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù. Sájẹ́ǹtì yíjú, ó ki eyín bọ ọrùn ọwọ́ ẹ̀, kò sì jù ú sílẹ̀ títí kóńdó fi bọ́. Ó wá mú kóńdó yẹn, ó fi parí ọ̀rọ̀ àgádágodo.

Àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n sùn, òun àti ọdẹ. Ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀ dé ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Nígbà tí àwọn ọ̀gá wá, tí wọ́n ṣí aṣọ, tí eruku bò wọ́n, tí wọ́n sì tún gbọ́ pé ọ̀gá ilé ìwé ń gba ìpín tiẹ̀ lórí gbogbo ọmọ tó bá darí sí kafé, wọ́n ní kí wọ́n kó kọ̀ǹpútà náà wá sí láíbìrì, kí tọmọ ilé ìwé tará ìta jọ máa lò ó. Wọ́n tiẹ̀ lu ògiri tó wà láàárín wó, kí àwọn ọmọ lè máa gba ibẹ̀ wọlé. Mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, mo lọ wo bí ògiri yẹn ṣe ń wó. Ó dùn mọ́ mi.

Kò dùn mọ́ Oníkafé. Èrò kafé ẹ̀ gbẹ. Ó wá sí láíbìrì ní ọjọ́ kan tí èmi náà lọ ibẹ̀ lọ wo àwòrán ọrùn aṣọ, ó dúró lé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lórí.

"Ẹ fẹ́ kí ebi pa mí ni, mà?"

"Ebi ò ní pa ẹ́. Wá bá mi ṣiṣẹ́ níbí, iṣẹ́ pọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́, ẹ̀yin náà lẹ tún ń gbà á lọ́wọ́ mi."

"Mo kọ́ ẹ pé kó o máa tẹ kọ̀ǹpútà. Mi ò kọ́ ẹ pé kó o máa tẹ èèyàn mọ́lẹ̀."

Oníkafé fi apá gbá eyín kọ̀ǹpútà kan dà sílẹ̀, ó fọ́n káàkiri. Sájẹ́ǹtì dìde, ó gbá a létí, ó tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ kí etí kejì. Ọkùnrin onírùngbọ̀n yìí gbé àga sókè, gbogbo wa ti wábi sá sí. Àga yẹn wà lókè, kò wálẹ̀.

"Orí yín ti dàrú, mà," ló wí. "Ẹ ti ya wèrè pátápátá, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ máa rí i."

Ó rọra gbé àga kalẹ̀, ó lọ. Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Wèrè tí wọ́n ń fi "ẹ" àti "mà" pè, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣú tí ò rọ̀, Jákì wá. Alágbàrù ní gáréèjì ni Jákì. Ó lè fi èjìká gbé ìdí mọ́tò sókè kí wọ́n fi pààrọ̀ táyà, ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Kò jókòó ti kọ̀ǹpútà rí láyé ẹ̀. Mo rí i bó ṣe ń kọjá lọ, sípánà táyà wà lọ́wọ́ ẹ̀, mo rò pé ó fẹ́ lọ forúkọ sílẹ̀ fún nǹkan ni.

Bàbá Ọlọ́pàá jókòó létí ilẹ̀kùn, òun ló sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé.

"Ta ni Sájẹ́ǹtì?" ni Jákì wí.

"Tò," ni Sájẹ́ǹtì dá a lóhùn. Kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Mi ò wá tẹ nǹkan. Wọ́n rán mi níṣẹ́ ni."

"Ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ náà ń tò."

Ó wá gbójú sókè. Jákì ju sípánà yẹn sí i lójú ọ̀tún. Bàbá Ọlọ́pàá ní ó dún bí ẹni tó fọ́ ẹyin sínú àwo. Ẹ̀jẹ̀ fọ́n sára eyín kọ̀ǹpútà, ó fọ́n sára ògiri, míǹtì fò jáde lẹ́nu ẹ̀, òun náà sì wó lulẹ̀. Ohun tó ya bàbá yẹn lẹ́nu ni pé Jákì wo obìnrin tó wà nílẹ̀, ó gbẹ́sẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ré ikùn ẹ̀ kọjá kí bàtà má baà kàn án, ó wá kọjú sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ti jíṣẹ́ tán.

Kò jáde fúnra ẹ̀. Wọ́n gbé e jáde ni. Àwọn ọmọ ilé ìwé àtàwọn tó ń wáṣẹ́ gbé àga, wọ́n gbé ìwé ńlá tí wọ́n fi ń wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n ń là á mọ́ ọn lórí. Nígbà tí wọ́n wọ́ ọ dé ojú títì níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ẹnu ẹ̀ ti fẹ̀, eyín ẹ̀ ń já sílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti kọjú sí ibi tí ẹsẹ̀ kì í kọjú sí. Ẹnìkan mú táyà wá. Ẹnìkan ti lọ fa pẹtiróòlù nínú ọ̀kadà ẹ̀. Mo fẹ́ pa ilẹ̀kùn dé, ọwọ́ mi kọ̀.

Sájẹ́ǹtì ló jáde. Bùláòsì tí mo rán fún un ti di pupa látòkè délẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di ojú mú, nǹkan ń ṣàn láàárín ìka ẹ̀, ó sì di igi mọ́ọ̀bù mú ní ọwọ́ kejì. Ó fi na ẹni tó gbé táyà. Ó fi na ẹni tó mú pẹtiróòlù. Ó wá dúró lé Jákì lórí.

"Ẹ má tíì pa á," ló wí. "Mo fẹ́ mọ ẹni tó rán an."

Jákì tu ẹ̀jẹ̀ dànù. "Àbúrò yín ni, mà. Oníkafé. Mi ò fọwọ́ kan inú yín o. Ó ní kí n má fọwọ́ kan inú."

Igi mọ́ọ̀bù bọ́ lọ́wọ́ Sájẹ́ǹtì. Ibẹ̀ ló ti dákú.

Wọ́n yọ ojú yẹn dànù ní ọsibítù, kò ṣe é tún ṣe. Nígbà tí mo gbé búrẹ́dì àti tíì lọ bá a, ó kọjú sí ògiri. "Ẹ̀yìn mi yìí lo wọ̀n," ló sọ fún mi. "Torí àbúrò mi ni mo ṣe gba gbogbo ẹ̀. Mo máa lọ sí kóòtù, mo máa sọ̀rọ̀ tí wọ́n á fi tì í mọ́ ẹ̀wọ̀n títí irùngbọ̀n ẹ̀ á fi funfun níbẹ̀. Tó bá kú síbẹ̀, kí wọ́n má pè mí wá gbé e."

Kò sí ẹni tó bá a jiyàn. Àwọn ọlọ́pàá ti mú Oníkafé, wọ́n ti nà án débi pé kò lè pa ètè dé. Ohun kan ṣoṣo ló ń tẹnu mọ́: kọ̀ǹpútà lòun ní kí Jákì fọ́, òun ò ní kó fọwọ́ kan ẹ̀gbọ́n òun. Gbogbo wa ní irọ́ ni. Àwọn kan tiẹ̀ lọ sọ òkúta lu fèrèsé kafé ẹ̀.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ní kóòtù ni pé ó rán èèyàn láti fọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lójú. Adájọ́ náà, obìnrin tó ń fi ọwọ́ dì mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ní gbogbo ìgbà bíi pé eyín ń dùn ún, ní kí Jákì sọ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Jákì fara ti igi tó fi ń rìn, ọ̀rọ̀ ń ṣe pẹ̀pẹ̀ lẹ́nu ẹ̀ torí eyín tí ò sí.

"Orí fóònù ló ti bá mi sọ ọ́, mà. Ó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, inú ń bí i. Ó wá ní kí n lọ bá òun fọ́ ojú ẹ̀, kí n má fọwọ́ kan inú ẹ̀. Mo fọ́ ojú ẹ̀. Mi ò fọwọ́ kan inú ẹ̀."

Oníkafé pariwo láti ibi tó wà pé, "Ojú kọ̀ǹpútà ni." Ọlọ́pàá fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà, ó dákẹ́.

Agbẹjọ́rò ìjọba dìde, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kọ̀ǹpútà pọ̀ nínú yàrá yẹn, mà. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ló ní lọ́kàn, ojú wọn ni ì bá wí. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ojú ẹ̀ ló sì wí."

Gbogbo kóòtù kùn. Ọ̀rọ̀ náà wọ èmi pàápàá létí. Wọ́n wá pe Sájẹ́ǹtì pé kó wá sọ tiẹ̀. Ó dìde pẹ̀lú gọ́ọ̀sì funfun lójú, ó dì mọ́ irin tó wà níwájú ẹ̀. Mo mọ ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu ẹ̀, gbogbo ọ̀nà la fi jọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Ó ń wo Jákì.

"Tún un sọ," ló wí. "Ọ̀rọ̀ tó sọ nípa mi, àti èyí tó tẹ̀lé e. Bó ṣe jáde lẹ́nu ẹ̀ gan-an ni kó o sọ ọ́."

Jákì pa ojú dé kó lè rántí. "Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi yẹn, wọ́n ti pa mí. Wọ́n ti gba oúnjẹ lẹ́nu mi. Lọ síbẹ̀, Jákì, kó o bá mi fọ́ ojú ẹ̀. Má fọwọ́ kan inú ẹ̀.'"

Adájọ́ yọ ọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ní, "Màmá, a ń retí yín."

"Kì í ṣe èmi," ni Sájẹ́ǹtì wí. Ohùn ẹ̀ kéré débi pé wọ́n ní kó tún un sọ. "Kì í ṣe èmi ló ní kó fọ́ lójú. 'Wọ́n' ló ń pè mí. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ọkùnrin yìí, 'wọ́n ti pa mí, wọ́n ti gba oúnjẹ lẹ́nu mi.' Èmi nìyẹn. Èmi ni mo gbá eyín ẹ̀ dànù lórí ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì ṣì í pè láti ìgbà náà. Tó bá jẹ́ ojú tèmi ni, 'ojú wọn' ló máa wí, kódà tó bá fẹ́ kí wọ́n pa mí. 'Ojú ẹ̀' tó wí yẹn, ti kọ̀ǹpútà ni."

"Kọ̀ǹpútà pọ̀ níbẹ̀," ni adájọ́ wí.

"Ọ̀kan ló wà létí ilẹ̀kùn tó ń ṣílẹ̀kùn fún gbogbo àwọn yòókù, mà. Ìyá wọn là ń pè é. Tí ojú ẹ̀ bá fọ́, a ò lè jí ìkankan nínú wọn. Tí inú ẹ̀ bá sì wà, ẹni tó mọ̀ ọ́n á lè tún un ṣe." Ó yíjú sí àbúrò ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "O fẹ́ kí wọ́n pè ọ́ wá tún un ṣe, àbí?"

Oníkafé mi orí, omi ń dà lójú ẹ̀ wìtìwìtì. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ojú, eyín, inú, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe kọ́ mi. Mo gbàgbé pé Jákì ò mọ̀ ọ́n."

Adájọ́ da ẹ̀sùn ńlá yẹn nù lọ́jọ́ náà. Wọ́n ṣì rán an lẹ́wọ̀n, torí ó rán jàǹdùkú níṣẹ́ ìbàjẹ́, ojú èèyàn sì bá a lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ẹ̀wọ̀n tí irùngbọ̀n máa ń funfun sí. Ti Jákì gùn jù ú lọ. Adájọ́ wá bi Sájẹ́ǹtì pé kí ló fẹ́ gbà dípò.

"Ojú kan ló gbà lọ́wọ́ mi," ló wí. "Kó kó gbogbo ojú tó wà ní kafé ẹ̀ wá fún láíbìrì, teyín-teyín, tinú-tinú."

Nígbà tí wọ́n ń mú Oníkafé lọ sínú ọkọ̀ ẹlẹ́wọ̀n, Sájẹ́ǹtì ní kí wọ́n dúró. Àwọn wọ́dà rò pé ó fẹ́ dì mọ́ ọn ni. Ó gbé ṣọ́bìrì ọwọ́ yẹn sókè, ó fi gbogbo ara ẹ̀ gbá a létí, ó gbá a débi pé ó fi orí lu ara ọkọ̀, ẹ̀jẹ̀ yọ nímú ẹ̀.

"Ẹ ṣé, mà," ni àbúrò ẹ̀ wí. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín lọ́wọ́."

Ó lo àkókò ẹ̀, ó sì jáde. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá sí láíbìrì, mo fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró sẹ́yìn ìlà, lẹ́yìn àwọn ọmọ ilé ìwé. Ẹnìkan sọ bíríkì sí i, ó bà á léjìká, ó sì ń dún lẹ́nu wọn pé kí wọ́n nà án. Ilẹ̀kùn ṣí. Igi mọ́ọ̀bù ló kọ́kọ́ yọjú. Ó na ẹni tó sọ bíríkì, ó na ẹni tó ń gbè é.

"Ẹni tí ò bá lè tò, kò lè tẹ̀," ni Sájẹ́ǹtì wí.

Oníkafé tò títí ó fi kàn án. Orí ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà tó jẹ́ tiẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi í sí, láàárín Bàbá Ọlọ́pàá àti ọmọbìnrin kan tó ń wo èsì. Sájẹ́ǹtì ń kọ́ àwọn tuntun lọ́jọ́ yẹn. Ó ti yí orúkọ kan padà, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò ẹ̀ bíi pé ìyẹn ò jókòó ti kọ̀ǹpútà rí láyé ẹ̀, ó fi lẹ́ẹ̀dì kan ojú ibi tó ń tàn.

"Gíláàsì ẹ̀ rèé," ló wí.

"Mo rí i, mà," ni Oníkafé dáhùn.